Àwòrán Tó Kù Sílé

Òórùn ẹja ló jí Ìyá Aránṣọ láàárọ̀ Sátidé yẹn. Iná ti lọ láti Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta ló pé yìí, fíríìjì tó wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ sì ti di àpótí lásán. Omi ń jáde lábẹ́ rẹ̀, ó ń ṣàn lọ sábẹ́ àga. Ìyá Aránṣọ na ọwọ́ sára ògiri, ó tẹ súìṣì lẹ́ẹ̀kan, ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Kò retí pé nǹkan kan máa tàn. Ó kàn fẹ́ kí àwọn tó ń gba owó iná, níbikíbi tí wọ́n bá sùn sí, mọ̀ pé òun ò tíì gbàgbé wọn ni.

“Kò sí i,” ló sọ fún ògiri, ó sì pòṣé.

Ní ilé ìdáná, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti wà nídìí sítóòfù, ó ń dín ẹja náà kó tó bàjẹ́ pátápátá. Ọwọ́ kan ló fi ń yí ẹja, ìwé ìkọ̀wé wà ní ọwọ́ kejì, ojú rẹ̀ sì rì sínú ìwé. Òróró ta sí i lápá, kò tilẹ̀ mira.

“Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé ẹ sùn dáadáa?”

“Mo sùn, ìyàwó mi. Ìwọ ńkọ́? Ojú rẹ pọ́n kankan bí ẹni tó fi ata bọ́jú.”

“Òní náà ni, Màmá. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.”

Ìyá Aránṣọ ò béèrè ohun tó jẹ́ òní. Gbogbo ilé ló mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ni obìnrin yìí ti fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìkànnì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ olùkọ́ tí kò fojú kàn rí, tó jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà ló ti ń fọhùn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé egungun ojú-ewé làwọn kọ́kọ́ ń tò: ibi tí orí máa wà, ibi tí ọ̀rọ̀ máa wà, ibi tí àwòrán máa wà. Nígbà tó yá, ó ní àwọn ti ń wọ aṣọ fún egungun náà, àwọn ń yan àwọ̀ fún un, àwọn ń sọ bó ṣe máa fẹ̀ tó àti bó ṣe máa súnkì tí wọ́n bá ṣí i lórí fóònù.

“Ẹ̀n, bá a ṣe ń gé aṣọ ká tó rán an náà nìyẹn,” ni Ìyá Aránṣọ wí. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti bẹ̀rù kọ̀ǹpútà náà mọ́.

Iṣẹ́ àṣekágbá ló kù. Olùkọ́ ní kí oníkálukú ṣe odindi ìkànnì kan fún ẹnì kan tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìyàwó ò wá a jìnnà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló mú. Ẹni tó bá fi tirẹ̀ ránṣẹ́ kí aago márùn-ún òní tó lù, tó sì dáa, wọ́n á gbà á sí ìpele kejì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á sì máa wá iṣẹ́ fún un. Ẹni tí kò bá rí i fi ránṣẹ́, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, ó di kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, bí ọdún tó ń bọ̀ bá ṣì fún un láyè.

Kọ̀ǹpútà náà sì rèé, àlòkù ni. Bátìrì rẹ̀ ti kú kó tó dé ilé yìí. Bí wáyà bá kúrò lára iná báyìí, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn lẹ́sẹ̀ kan náà, bí ojú ẹni tó dákú. Ojú-ewé kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù fún Ìyàwó láti parí ní Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n mú iná lọ.

Báábà, ọmọ Ìyá Aránṣọ, wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù dání. Ó mì í. Ìró rẹ̀ ò pọ̀.

“Epo tó kù nìyí o. Mo dé ilé epo mẹ́ta lánàá, gbogbo wọn ló ti fi okùn dí ẹnu ọ̀nà.”

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́,” Ìyàwó gbé ẹja kalẹ̀, “epo yẹn…”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Mo mọ̀ pé ibẹ̀ lò ń bọ̀.”

“Wákàtí mẹ́ta péré. Kí n parí ojú-ewé kan yẹn, kí n gbé gbogbo rẹ̀ sókè, kí n fi ránṣẹ́.”

“Mọ́mì, òní Sátidé! Ṣé o mọ nǹkan tó ń jẹ́ Sátidé fún ẹni tó ń gẹrun? Gbogbo orí tí mi ò rí gẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ ló máa wá lónìí. Bí wọ́n bá dé tí wọn ò gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni wọ́n máa kọrí sí. Kí la máa wá jẹ? Ìkànnì?”

“Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá! Mo fọṣọ, mo se oúnjẹ, mo tún jókòó kọ́ ọ. Ọjọ́ wo lẹ dé tẹ́ ẹ bá ìkòkò lófo?”

“Ta ló sọ pé o ò se oúnjẹ? Ọ̀rọ̀ epo là ń sọ!”

“Èmi náà, ọ̀rọ̀ epo ni mò ń sọ!”

Inú pálọ̀ ni Ìyá Aránṣọ ti jókòó sídìí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo àsìkò yìí, ó ń ṣẹ́ etí yẹ̀rì oníbàárà kan. Máṣíìnì tirẹ̀ ò mọ̀ bóyá iná wà tàbí kò sí. Ẹsẹ̀ lásán ló ń jẹ. Bí ariwo tọkọtaya ṣe ń ròkè ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yára sí i, ká-ká-ká-ká, títí ó fi dá ẹsẹ̀ dúró lójijì.

Àwọn méjèèjì bojú wẹ̀yìn.

“Báábà.”

“Mà.”

“Jẹnẹrétọ̀ rẹ yẹn, kí ni gbogbo nǹkan tó ń gbé ní ṣọ́ọ̀bù?”

“Kílípà méjì, Màmá. Gílóòbù kan. Fáànù kan.”

“Kọ̀ǹpútà yìí ń jẹ iná ju fáànù lọ ni?”

Báábà gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó wo ẹja.

“Pa fáànù,” ni Ìyá Aránṣọ wí, ó ń wá àlùmọ́gàjí rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. “Orí tí ooru bá mú, kó mú un. Ìyàwó, di kọ̀ǹpútà rẹ. Èmi náà ń bọ̀, mo lè ṣẹ́ etí aṣọ níbikíbi.”

Wọ́n jẹ búrẹ́dì àti ẹja lórí ìdúró, wọ́n sì jáde.

Ṣọ́ọ̀bù Báábà ò ju yàrá kan lọ: àga ìgẹrun méjì, dígí gígùn kan tó ti sán létí, bẹ́ǹṣì fún àwọn tó ń dúró de orí wọn. Ìyàwó jókòó sí igun, ó gbé kọ̀ǹpútà lé orí àpótí, ó ki wáyà bọ ihò tí fáànù ti kúrò. Ojú kọ̀ǹpútà tàn. Ó mí kanlẹ̀.

Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì àti káàdì fóònù lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, Ìyá Rédíò ni wọ́n ń pè é. Búrẹ́dì ló ń tà, ìròyìn ló ń pín lọ́fẹ̀ẹ́. Ọrùn rẹ̀ ti gùn wọlé kó tó kí ẹnikẹ́ni.

“Ìyá Aránṣọ, ẹ kú àárọ̀ o! Gbogbo ilé lẹ kó wá gẹrun lónìí?”

“A wá gba atẹ́gùn ni.”

“Atẹ́gùn wo? Ṣebí wọ́n ti pa fáànù!” Àwọn ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí igun. “Ìyàwó Báábà, òótọ́ ni pé ẹ̀kọ́ lò ń kọ́? Pẹ̀lú ọjọ́ orí yìí? Ta ló máa ń mú ọ lọ́wọ́ dé ilé-ìwé?”

“Ilé-ìwé ló ń wá bá mi nílé, Ìyá Rédíò. Ẹ ò rí i pé mo ti di ẹni ńlá?”

Báábà tó ń gẹ orí ọkùnrin kan dẹ́kun díẹ̀, ó bojú wo dígí, ó rọra rẹ́rìn-ín. Ìyá Aránṣọ rí i.

Orí ń wọlé, orí ń jáde. Ooru mú gbogbo wọn, wọ́n ń fi ìwé ìròyìn àtijọ́ fẹ́ra. Ìyàwó ò bojú wẹ̀yìn. Ìka rẹ̀ ń lọ lórí kọ̀ǹpútà bíi ti ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí aago ara ògiri lu mẹ́ta, ó nà sẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ dún.

“Màmá, ẹ wá wò ó.”

Ìyá Aránṣọ dìde. Nọ́ńbà ara téèpù ló mọ̀ kà dáadáa, àti ìwọ̀nba lẹ́tà, nítorí náà àwòrán ló kọ́kọ́ wò. Ọwọ́ méjì ló rí, ọwọ́ àgbà tí iṣan yọ lẹ́yìn rẹ̀, abẹ́rẹ́ láàárín ìka, ojú bọ́tìnnì tí wọ́n ń fi òwú ká létí aṣọ funfun kan. Àwòrán mẹ́rin míì tẹ̀ lé e: kọ́là, àpò, ṣòkòtò ọmọléèwé tí wọ́n tò léra, máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nísàlẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà níbẹ̀ gàdàgbà.

“Ọwọ́ mi nìyí? Ó ti hunjọ tó báyìí?”

“Òun ló fi dùn ún wò, Màmá.”

Gbogbo bẹ́ǹṣì ló dìde wá wò ó. Wọ́n yìn ín. Ìyàwó gbé e sókè sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní ẹnikẹ́ni níbi gbogbo láyé ló lè ṣí i báyìí. Ìyá Rédíò ti fa fóònù yọ.

“Fi ránṣẹ́ sí mi, jẹ́ n rí i pẹ̀lú ojú ara mi.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó dúró. Ó sún fóònù mọ́ imú, ó gbé e jìnnà.

“Ọwọ́ dà?”

“Ó wà lókè níbẹ̀.”

“Àpótí òfìfo ni mo rí o. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta… àpótí òfìfo márùn-ún! Ìyàwó Báábà, pósí lo kàn fún ìyá ọkọ rẹ?”

Ẹ̀rín sọ. Ìyàwó gba fóònù náà. Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ wà, àwọ̀ wà, nọ́ńbà wà, ṣùgbọ́n ibi tí àwòrán yẹ kó wà, ihò lásán. Ó bojú wo kọ̀ǹpútà tirẹ̀: gbogbo ọwọ́ pé síbẹ̀, wọ́n ń dán. Ó tún un gbé sókè. Ihò. Ó kọ̀wé sí olùkọ́. Olùkọ́ ò dáhùn. Ó tún gbogbo iṣẹ́ náà kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, kò rí ibi tó ti ṣì í. Aago di mẹ́rin ó lé díẹ̀. Omijé kan bọ́ sórí ọwọ́ rẹ̀, ó yára nù ún mọ́ yẹ̀rì.

“Bí mo bá fi ránṣẹ́ báyìí, wọ́n á ní mi ò mọ nǹkan kan.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá Rédíò pàápàá ń to búrẹ́dì tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Ìyá Aránṣọ fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ há ẹ̀gbẹ́ aṣọ. “Ìyàwó, àwòrán wọ̀nyẹn, ibo ni wọ́n ń gbé?”

“Inú kọ̀ǹpútà, Màmá. Ibi tẹ́ ẹ ní kí n kó wọn sí. Ẹ ní kí n kó wọn pọ̀ mọ́ àwòrán ìgbéyàwó wa kí wọ́n má baà sọnù.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ojú-ewé tó o rán jáde ńkọ́, ibo ló wà?”

“Ó ti lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.”

“Àwòrán bá a lọ?”

Ìyàwó tún bojú wo kọ̀ǹpútà.

“Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́,” ni Ìyá Aránṣọ wí, ohùn rẹ̀ ò ròkè, “ọ̀gá mi rán mi lọ fi aṣọ ìyàwó jíṣẹ́. Aṣọ funfun, bọ́tìnnì mọ́kànlélógún la máa rán sí i lẹ́yìn lọ́hùn-ún, lára ìyàwó gan-an. Mo gbé aṣọ. Mo gbé òwú. Bọ́tìnnì wà nínú dúrọ́ọ̀ wa nílé. Nílé wa, aṣọ pé. Nílé ìyàwó, ojú bọ́tìnnì mọ́kànlélógún ló ń wò wá. Ọ̀gá mi ní kí n fẹsẹ̀ rìn padà lọ mú un wá. Láti ọjọ́ náà…”

“…gbogbo ohun tó bá jẹ́ ti aṣọ kan, inú ìdì kan ni,” Ìyàwó ló parí rẹ̀. Ó ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ tó ti wọ ilé náà. Ó di orí mú. “Yéè! Màmá! Mo júwe dúrọ́ọ̀ ilé wa fún àlejò! Ọ̀nà ibi tí àwòrán wà tí mo kọ síbẹ̀, kọ̀ǹpútà mi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Òun ló ṣe ń rí i. Ẹlòmíì ò lè rí i láé!”

“Ó dáa. Di ẹrù rẹ.”

Ó dì í. Ó ṣe àpò tuntun kan nínú kọ̀ǹpútà, ó kó ojú-ewé sí i, ó kó àwòrán márààrún sí i, ó pa ọ̀nà àtijọ́ rẹ́ níkọ̀ọ̀kan, ó kọ tuntun. Aago mẹ́rin kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo àpò náà máa lọ. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú kọ̀ǹpútà: mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, méjìlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ìgbà náà ni jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ níta.

Báábà ti gẹ apá kan orí dẹ́rẹ́bà kan tó ń lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó sáré jáde, ó ṣí ojú táńkì, ó yọjú wò ó. Ó wọlé padà, ó wo aago, ó wo igun tí ìyàwó rẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà ó fa wáyà kílípà yọ lára ògiri, ó fa ìkejì yọ, ó pa gílóòbù.

“Báábà, kí ló dé?” Dẹ́rẹ́bà fọwọ́ kan orí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Epo tó kù ò lè gbé wa méjèèjì.”

“Orí mi ńkọ́? Ìdajì lo gẹ̀!”

“Orí yín ò ní sá lọ, ọ̀gá mi. Iṣẹ́ ìyàwó mi ló ní aago.”

Ó sọ ọ́ ketekete, gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́. Ìyàwó ò yíjú, ṣùgbọ́n Ìyá Aránṣọ rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tó nà ró.

Ọgọ́ta. Ọgọ́rin. Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó dákẹ́, ó tún gbéra. Dẹ́rẹ́bà pàápàá ti dìde, ó gbé orí aláàbọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn Ìyàwó, ó ń kà á sókè: “Àádọ́rùn-ún! Ẹ má mí o, ẹ má mí! Márùn-dín-lọ́gọ́rùn-ún!” Ọgọ́rùn-ún pé. Ìyàwó da líǹkì náà sí ibi tí olùkọ́ ní kí wọ́n dà á sí, ó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ó kà á sókè fún ìyá ọkọ rẹ̀:

“‘A ti gba iṣẹ́ rẹ.’”

Jẹnẹrétọ̀ mí ìmí ìkẹyìn. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Gbogbo ojú wá lọ sára Ìyá Rédíò. Ó ti tẹ fóònù rẹ̀, ó sún un mọ́ imú. Ó gbé e jìnnà, ó tún sún un padà.

“Ẹ gbà mí,” ló wí níkẹyìn. “Ọwọ́ Ìyá Aránṣọ rèé! Ojú bọ́tìnnì rèé, mo lè ka òwú rẹ̀!” Kò dúró gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni máa sọ. Ó ti bọ́ síta, ó ń na fóònù sí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀. “Ìyàwó àdúgbò wa ló ṣe é! Orí àpótí ló gbé kọ̀ǹpútà lé! Ó ṣojú mi!” Gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí, láìyọ ẹnì kan sílẹ̀.

Àlùmọ́gàjí àti ìyarun ni Báábà fi parí orí dẹ́rẹ́bà, ó sì ṣe é fínnífínní.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n délé ni ariwo sọ ládùúgbò láti ojúlé dé ojúlé. “Iná ti dé o! Iná ti déééé!” Gílóòbù tàn ní fèrèsé gbogbo, rédíò kan bú sórin. Báábà tó gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo dání dúró. Ìyàwó tó gbé kọ̀ǹpútà mọ́yà dúró. Wọ́n bojú wo òkè, wọ́n wo wáyà iná tó gba orí wọn kọjá. Ìyá Aránṣọ tutọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n wọlé, Báábà fúnra rẹ̀ ló nu omi abẹ́ fíríìjì. Ó bu ẹja tó kù sórí ìrẹsì, ó sì kọ́kọ́ gbé àwo tó kún jù síwájú ìyàwó rẹ̀.

“Ẹni ńlá,” ló wí, “ẹ jẹun.”

Ìyàwó fi ṣíbí lù ú lápá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún díẹ̀.

Wọn ò tíì jẹun tán tí fóònù Ìyá Aránṣọ fi dún. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni, ẹni tó ń pè é lóṣù ò pé márùn-ún, ó sì mọ ohùn gbogbo wọn. Ó gbé e sétí. “Ta nìyẹn?… Ẹ̀n?… Èmi náà ni… Ọwọ́ ni, kì í ṣe máṣíìnì… Aṣọ mẹ́fà? Gbogbo rẹ̀ ní bọ́tìnnì?” Ó gbọ́ títí, ó ń mi orí bí ẹni pé ẹni náà ń rí i. Nígbà tó gbé fóònù kalẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí tábìlì, lábẹ́ iná, ó ń yí wọn wò níwájú àti lẹ́yìn.

“Ta ni, Màmá?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n rí,” ni Ìyá Aránṣọ wí. “Ó ní ìlú òun jìnnà. Ó ní òun rí ọwọ́ mi.”